Ẹni Tí Yóò Mọ̀ Pé Mi Ò Wá

Wọ́n ní ènìyàn laṣọ mi, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n aṣọ tó wà nínú àpótí kì í bo èèyàn lára, àpótí tèmi sì kún bámúbámú ní gbogbo ọdún tí ìdánìkanwà fi bá mi gbé. Bí ẹ bá gba fóònù mi wò nígbà náà, ẹ ó ní gbajúmọ̀ ni mí. Ẹgbẹ́ àwọn tá a jọ kàwé wà lórí WhatsApp, tàwọn ẹbí wà níbẹ̀, tàwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, kódà tàwọn ayálégbé ilé tí mò ń gbé wà níbẹ̀, níbi tá a ti máa ń fa ọ̀rọ̀ nítorí ẹni tí kò ti géètì. Fóònù ò sinmi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Síbẹ̀, mo lè wà nílé láti alẹ́ Ọjọ́ Ẹtì títí di àárọ̀ Ọjọ́ Ajé kí n má gbọ́ ohùn ara mi, àfi bí mo bá fẹsẹ̀ kọ tábìlì.

Kò sẹ́ni tó bá mi jà o. Mo tètè sọ ọ́ nítorí ohun tí àwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí nìyẹn: “Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ?” Wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Iṣẹ́ ló gbé mi lọ sí ìlú tí mi ò ti mọ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bímọ, ọwọ́ wọn ń dí, ìpè tí a máa ń pe ara wa lálaalẹ́ di ti ọ̀sẹ̀, ó di ti oṣù, ó wá di “ọjọ́ mẹ́ta o, a máa ríra láìpẹ́.” Nígbà tó yá, ọ́fíìsì ní ká máa ṣiṣẹ́ láti ilé, inú mi dùn dẹ́yìn. Kò sí pé à ń sáré lé ọkọ̀ mọ́, kò sí ọ̀gá tó ń wo ni lẹ́yìn. Àmọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, obìnrin tó ń tún ọ́fíìsì ṣe, ọkùnrin tá a jọ máa ń dúró de ọkọ̀ láàárọ̀ tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní, gbogbo wọn ni wọ́n bá ọ́fíìsì yẹn lọ. Mi ò kà wọ́n sí ọ̀rẹ́, wọn kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ló ń mọ̀ bí mo bá pẹ́.

Fọ́ọ̀mù ilé ìwòsàn ló la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Iṣẹ́ abẹ kékeré kan ni wọ́n fẹ́ ṣe fún mi, irú èyí tí wọ́n ń ṣe láàárọ̀ tí èèyàn á padà sílé nírọ̀lẹ́. Orúkọ, ọjọ́ orí, àdírẹ́sì, mò ń kọ ọ́ lọ wàràwàrà. Mo wá kan ìlà kan: ẹni tí a lè pè bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀. Bírò dúró. Mo kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, orílẹ̀-èdè mìíràn ló sì ń gbé. Nọ́ọ̀sì wo nọ́ńbà náà, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kò sí ẹni tó wà nítòsí?”

Mo ní ó wà.

Ó dá fọ́ọ̀mù padà fún mi, ó dúró. Mo yọ fóònù, mo ń fi ìka yí orúkọ lọ sókè sódò, orúkọ lọ súà, mi ò sì rí ẹyọ ẹnì kan tí mo lè pè láago méjì òru láìjẹ́ pé màá kọ́kọ́ ṣàlàyé irú ẹni tí mo jẹ́. Níkẹyìn, ọkùnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa ni mo kọ. Láti inú ẹgbẹ́ àwọn ayálégbé ni mo ti rí nọ́ńbà rẹ̀. Bàbá náà ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ó dá mi lójú pé bí mo bá ké, ẹnì kan á dá mi lóhùn. Èèyàn rere pọ̀ nínú fóònù yẹn. Ohun tí mi ò ní ni ẹni tí yóò mọ̀ kí n tó ké. Láti ìgbà náà, òun ni mo fi ń díwọ̀n ọ̀rọ̀ yìí: bí mi ò bá yọjú lọ́la, ta ló máa kọ́kọ́ fura, ó sì máa tó ìgbà wo kó tó fura? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé ọ̀gá níbi iṣẹ́ ni, torí pé iṣẹ́ òun ò ní délẹ̀ lásìkò, iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa rẹ̀, mo sì rí i pé àwa tó wà nínú ọkọ̀ náà kò kéré. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde lóṣù kẹfà ọdún 2025 sọ pé ẹnì 1 nínú èèyàn 6 láyé ni ìdánìkanwà ń bá fínra, wọ́n sì fojú bù ú pé ikú tó lé ní 871,000 lọ́dún ló ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tálákà ni ọ̀rọ̀ náà le lọ́rùn jù. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò ti tó, nǹkan bí ìdá 24 nínú 100 ló sọ pé ó ń ṣe àwọn. Ní àwọn ilẹ̀ olówó, bí ìdá 11 ni. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá ń sọ pé àìsàn àwọn tí ayé wọ́n dẹ̀ jù ni lọ ka ìyẹn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yan mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà ní 2018, Japan náà yan tiwọn ní 2021. Mi ò bẹnu àtẹ́ lù ú. Ìjọba lè ṣe bẹ́ǹṣì síbi tí àwọn àgbà á máa jókòó sí, wọ́n lè ṣí ilé ìkàwé, wọ́n lè jẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ sí abúlé. Ṣùgbọ́n kò sí mínísítà tó máa mọ̀ pé mi ò jáde látàná.

Nínú gbogbo ohun tí mo kà, ọ̀rọ̀ John Cacioppo ló wọ̀ mí lára jù. Onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ni, Yunifásítì Chicago ló ti ṣiṣẹ́, ó sì kú ní 2018. Ohun tó sọ ni pé bí ebi àti òǹgbẹ ṣe jẹ́ àmì pé ara ń fẹ́ nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀lára pé a dá wà ṣe jẹ́ àmì pé a nílò àwọn ẹlòmíràn. Títí dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dùn. Ibi tó ti korò ni pé bó bá pẹ́ lára èèyàn, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ewu kiri nínú ìwà àwọn tó yí i ká. Ẹni tí ebi ń pa kì í sá fún oúnjẹ, àmọ́ ẹni tí ìdánìkanwà bá ti wọ̀ lára máa ń sá fún èèyàn.

Mo mọ èyí dáadáa. Màá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan nírọ̀lẹ́, màá rí i pé àmì búlúù ti yọ, ó ti kà á, kò fèsì. Ó dọwọ́ aago mẹ́jọ, mo ti pe ẹjọ́. Ó dọwọ́ aago mẹ́wàá, mo ti pe ẹlẹ́rìí: ṣebí lóṣù tó kọjá náà ó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣebí kò bá mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dápàárá lọ́jọ́ sí. Kí n tó sùn, mo ti dá a lẹ́bi. Ilẹ̀ á mọ́, èsì á dé: “Má bínú, ọmọ ló fi fóònù ṣeré sùn.” Ká ní inú mi dùn sí èsì yẹn ni, ì bá dáa. Ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé ó parọ́. Bí ìdánìkanwà ṣe ń ṣe èèyàn nìyẹn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe dídá gbé ni mò ń bá wí. Mo fẹ́ràn àtimáa dá jókòó, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ dòní. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ mi kan wà, ìyàwó wà nílé, ọmọ wà nílé, ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé inú mọ́tò, lẹ́yìn tí òun bá ti pa á síwájú ilé, ni òun ti máa ń jókòó pẹ́ kí òun tó wọlé, torí pé kò sẹ́ni tí òun lè sọ ohun tó ń jẹ òun lọ́kàn fún nínú ilé yẹn. Robert Weiss, onímọ̀ nípa àwùjọ, ti pín ìdánìkanwà sí oríṣi méjì láti 1973: ẹnì kan lè ṣaláìní ẹni tó fọkàn tán, ẹlòmíràn lè ṣaláìní ẹgbẹ́ tó ń bá ṣe, èkíní ò sì lè dí àlàfo èkejì. Ọ̀rẹ́ mi ní ẹgbẹ́, kò ní ẹnìkan. Èmi ní ẹ̀gbọ́n mi tí mo lè sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún lórí fóònù, mi ò ní ẹgbẹ́. Gbogbo ìmọ̀ràn tí mo ń fún un, ti ara mi ni. Gbogbo ìmọ̀ràn tó ń fún mi, tirẹ̀ ni. Abájọ tí kò fi ran ẹnikẹ́ni nínú wa lọ́wọ́.

Mo gbìyànjú àwọn ẹ̀rọ tó ń báni sọ̀rọ̀ bí èèyàn náà, àwọn tó wà lórí fóònù nísinsìnyí. Mi ò ní purọ́ mọ́ wọn: wọn kì í pẹ́ fèsì, wọn kì í bínú, èèyàn lè bá wọn sọ̀rọ̀ láago mẹ́ta òru. Ó dára fún alẹ́ tó bá gùn. Àmọ́ mo fi ìwọ̀n mi wọ̀n ọ́n. Bí mi ò bá yọjú fún oṣù kan, kò sí ohun tó máa já sí fún un. Kò nílò mi fún nǹkan kan, kò lè yá nǹkan lọ́wọ́ mi, kò lè ní kí n bá òun gbé ẹrù.

Àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn máa ń sọ pé “jáde síta.” Mo jáde. Mo lọ síbi àpérò, mo lọ síbi ìpàtẹ ìwé, mo lọ síbi tí wọ́n ti ń jó. Mo gba nọ́ńbà, mo fún wọn ní tèmi. Kò sí ohun tó ti ibẹ̀ yọ. Ìgbà tí mo ka ìṣirò tí Jeffrey Hall ti Yunifásítì Kansas ṣe jáde ní 2018 ni mo mọ ìdí rẹ̀: ó tó nǹkan bíi wákàtí 50 tí èèyàn méjì á fi wà pa pọ̀ kí ojúlùmọ̀ tó di ọ̀rẹ́ ìdákúrekú, bíi 90 kó tó di ọ̀rẹ́ gidi, ó sì lé ní 200 kó tó di kòríkòsùn. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Bí ẹ bá ń ríra fún wákàtí 2 lọ́sẹ̀, kòríkòsùn á gbà yín tó ọdún 2. Nígbà tá a wà nílé ẹ̀kọ́, àwọn olùkọ́ ló ń bá wa san wákàtí yẹn, wọ́n tì wá mọ́ inú kíláàsì kan náà lójoojúmọ́, a sì rò pé ìwà wa ló dára tá a fi ní ọ̀rẹ́. Àgbàlagbà ní láti wá ibi tí wọ́n á ti tì í mọ́ ojú kan náà. Àpérò tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Ẹgbẹ́ akọrin ni mo bọ́ sí níkẹyìn, kì í sì í ṣe pé ohùn mi dára. Mo rí ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé wọ́n ń wá àwọn tó lè kọ bésì, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, aago méje alẹ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ yẹn ló wù mí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, kò sí nǹkan kan o. Màá dé, màá kọrin, màá gbé báàgì mi, ó di ilé. Wọ́n ń dápàárá tí mi ò mọ ìdí rẹ̀. Bí mo bá ń lọ sílé, màá ní kí ni mò ń wá níbẹ̀ gan-an? Bí Ọjọ́bọ̀ bá tún dé, màá tún lọ, torí pé mo ti san owó ìwé orin, mi ò sì kí ń fẹ́ kí owó mi ṣòfò. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, ahun mi ló gbà mí là.

Màmá kan wà ní ìlà iwájú wa tó ń kọ áltò. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ó yíjú sẹ́yìn, ó na ìwé orin sí mi. “Ọmọ mi, mo gbàgbé awò ojú mi sílé. Bá mi wò ó, ṣé sọ̀ ló wà níbẹ̀ yẹn àbí fà?” Fà ni. Mo sọ fún un. Ó tún bi mí ní ìlà tó tẹ̀ lé e, ó tún bi mí ní èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, mo sì ń sọ ọ́ sí i létí jẹ́jẹ́ títí a fi kọ orin náà tán. Bésì tèmi kú síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, awò wà lójú Màmá gbagidi, ó sì tún yíjú sí mi: “Ọmọ mi, ibo la dé?”

Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti nílò mi fún ohun tí kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti gbọ́ lórí ìdánìkanwà, ohun tó dá lé ni bí èèyàn ṣe máa rí ẹni tí yóò fẹ́ràn rẹ̀, tí yóò gbọ́ tirẹ̀, tí yóò ràn án lọ́wọ́. Màmá ò ràn mí lọ́wọ́. Ó ní kí n ran òun lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tètè dé, torí bí mo bá pẹ́, ta ló máa sọ ibi tá a dé fún un?

Ọ̀fìnkìn wá mú mi lọ́sẹ̀ kan. Mi ò lọ, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí kò wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n sọ ọ́. Aago mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́, fóònù dún. Ọ̀gá akọrin ni, ọmọkùnrin tí mo fi ọjọ́ orí jù dáadáa. “Bọ̀dá, ẹ kú alẹ́ o. Bésì ò dún bó ṣe yẹ lónìí, mo wẹ̀yìn, mi ò rí yín. Ṣé kò sí o?” Mo gbọ́ ariwo àwọn ẹlẹgbẹ́ wa lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ Màmá tó ń sọ pé kó bi mí bóyá mo ti lo oògùn. Mo ní kò sí, ọ̀fìnkìn lásán ni. Ó ní kí n sinmi, ó pa fóònù. Kò tó ìṣẹ́jú kan tá a fi sọ̀rọ̀. Ká sòótọ́, bí mo ṣe mọ ohùn mi sí, ó ṣeé ṣe kí bésì dún dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àwọn nǹkan yòókù tí mo ṣe kò ju kéékèèké lọ. Nicholas Epley àti Juliana Schroeder ṣe ìdánwò kan ní Chicago, ọdún 2014 ni wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde: wọ́n ní kí àwọn kan tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ bá àjèjì sọ̀rọ̀, kí àwọn mìíràn dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ohun tí àwọn èèyàn rò ni pé ìrìn àjò àwọn tó bá sọ̀rọ̀ ni kò ní dùn. Àwọn gan-an ni tiwọn dùn jù. Èmi náà dán an wò, ara bàbá ìsàlẹ̀ ilé wa tí mo fi orúkọ rẹ̀ sí fọ́ọ̀mù ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀. Mo kí i, mo dúró, mo bi í léèrè bí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún ṣe ń ṣe sí. Ó sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ náà pẹ́, ó pẹ́ jù gan-an. Nísinsìnyí, bó bá rìnrìn àjò, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń wà.

Mo tún pe ọ̀rẹ́ àtijọ́ kan tí a ò bá ara wa jà, tí a kàn dákẹ́ síra wa. Kí n tó tẹ nọ́ńbà náà, mo rò pé á ní owó ni mo fẹ́ yá. Peggy Liu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣèwádìí èyí, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2022: inú ẹni tá a kàn sí láìròtẹ́lẹ̀ máa ń dùn ju bí ẹni tó kàn sí i ṣe rò lọ. Ọ̀rẹ́ mi gbé fóònù, ó ní, “Ìwọ! Ṣé o ṣì wà láyé?” A rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tá a fẹ́ dágbére, ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ “a máa ríra láìpẹ́” yẹn, mo dá a dúró, mo ní kó dárúkọ ọjọ́. A mú ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá dí, á sọ ọ́ ṣáájú, bí kò bá sọ ọ́, èkejì á bínú. Mo fẹ́ràn pé á bínú.

Àwọn alẹ́ kan ṣì wà tí gbogbo rẹ̀ máa ń tutù mọ́ mi lára. Mi ò rò pé ìyẹn máa lọ tán.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ akọrin wa. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí, á ti gbé báàgì kọ́ èjìká kí orin tó parí. Mo lé e bá níta, mo gba nọ́ńbà rẹ̀, mo sì sọ fún un pé bí mi ò bá rí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá pè é.

Ó ní, “Ẹ má ṣèyọnu sà.”

Mo ní ìyọnu ni mo fẹ́ ṣe.

Kò wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e lóòótọ́. Mo pè é láago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó gbé e, oorun ṣì wà lójú rẹ̀, ó ní òun sùn lọ ni. Mo ní kó máa bọ̀, a ò tíì kọ orin kejì. Aago mẹ́jọ ku díẹ̀ ló wọlé, ó wọ bàtà láìwọ ìbọ̀sẹ̀, Màmá sì yíjú sí i pé kó wá jókòó síbi tó ti lè rí ìwé.